MBA, MFE àbí MSc: Ibi tí Jíjẹ́ Ọmọ Nàìjíríà ti Ń Ṣílẹ̀kùn Fìnáǹsì, àti Ibi tí Kò Ti Já Mọ́ Nǹkan

Ẹni tó bá parí yunifásítì, tó sin ìjọba tán, tó wá jókòó sí Ìkòròdú tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun tí yóò ti gba oyè kejì nínú fìnáǹsì, kò ní pẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu àwọn tó ń bá ènìyàn kún fọ́ọ̀mù: "Ọmọ Áfíríkà ni yín, irú yín ni wọ́n ń wá." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Oríṣi oyè kejì mẹ́ta la ó wò: MBA (ìṣàkóso òwò), MFE (financial engineering, ìyẹn ìṣirò owó) àti MSc Finance. Ètò kan wà tí ibi tí ẹ ti wá lè gbé fọ́ọ̀mù yín láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Òmíràn wà tí wọn kò tilẹ̀ ní bojú wò ó. Owó fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà lè wà láàárín $75 sí $250, ẹ sì mọ iye tí ìyẹn jẹ́ ní náírà. Ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí tó ń bá lọ kó tó san án.

Ta ni wọ́n ń kà yín mọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú èyí, nítorí òun ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní diversity ni pé kí oríṣiríṣi ènìyàn pàdé nínú kíláàsì kan. Nínú ìṣirò tí yunifásítì Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀ wọn, ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àjèjì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìbáà dúdú bí kóró iṣin. Wọn kì í kà á mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí iye àwọn dúdú ilẹ̀ wọn pọ̀ sí i nínú ìṣirò yẹn kò rí èrè kankan nínú mímú ọmọ Ìgbógbò tàbí ọmọ Ìjẹ̀dẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́ June 29, 2023 wá dé. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Students for Fair Admissions pe Harvard àti University of North Carolina, ó sì fòpin sí fífi ẹ̀yà ṣe òṣùwọ̀n ìgbaniwọlé. Adájọ́ àgbà John Roberts fi àyè kan sílẹ̀ nínú ohun tó kọ: ẹni tó ń béèrè àyè lè sọ bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá so mọ́ ìwà akin tàbí ẹ̀bùn kan tó lè fi ran ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín ni pé àpótí tí ẹ fàmì sí lórí fọ́ọ̀mù kò lè gbé yín wọlé. Ohun tí ẹ fọwọ́ yín ṣe ló lè gbé yín wọlé. Láti ìgbà náà ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti yí ìbéèrè àròkọ wọn padà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ diversity tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí "ìrírí yín", "àwùjọ tí ẹ ti wá", "ojú tí ẹ fi ń wo nǹkan". Ìbéèrè kan náà ni, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀.

Ohun tó kù tí wọ́n ṣì ń wò ni orílẹ̀-èdè, irú iṣẹ́, irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde, bóyá ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lọ yunifásítì nínú ilé yín, àti ọ̀nà tí ẹ gbà débi tí ẹ wà. Bí ìwọ̀nyí ṣe tó níye lórí yàtọ̀ láti ètò sí ètò:

| | MBA tó dá lórí fìnáǹsì, Amẹ́ríkà | MFE àti àwọn ètò ìṣirò owó | MSc Finance, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì |
|---|---|---|---|
| Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wò | Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti ibi tí ẹ ń lọ | Máàkì ìṣirò, kóòsì ìṣirò, kíkọ kóòdù | Irú kíláàsì tí ẹ fi jáde |
| Agbára ibi tí ẹ ti wá | Ó lágbára | Díẹ̀, lẹ́yìn tí ìṣirò bá ti pé | Kò tó nǹkan |
| Ọdún iṣẹ́ | Bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà | Òdo náà lè kọjá | Òdo náà lè kọjá |
| Àròkọ | Ó lè gbé yín wọlé, ó lè lé yín síta | Kúkúrú, wọ́n ń wá ìdí | Ojú ìwé kan, wọ́n ń wá bóyá ẹ mọ kóòsì náà |

MBA: ibi tó ti lágbára jù

Nínú MBA ọlọ́dún méjì ní Amẹ́ríkà, ìrírí iṣẹ́ àwọn tó ń wọlé sábà máa ń súnmọ́ ọdún márùn-ún ní ìpíndọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ á gbé ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ kan kalẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì á máa tú u láàárín ara wọn. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì láti ìlú kan, ohun kan náà ni wọ́n á máa sọ, ẹni tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ gọbọi kò sì ní rí ohun tuntun kọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to kíláàsì bí ẹni ń to ọjà sórí àtẹ: díẹ̀ nínú báńkì, díẹ̀ nínú ológun, díẹ̀ nínú ilé-ìwòsàn, díẹ̀ láti Áfíríkà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé bí kíláàsì ṣe rí jáde fún gbogbo ayé, iye orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í gbẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ rò pé gbogbo ayé lẹ ń bá díje. Ẹni tó mú fọ́ọ̀mù yín dání ti ka fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ni yóò sì kọ́kọ́ fi yín wé. Àwọn wo nìyẹn? Òṣìṣẹ́ báńkì ní Marina, òǹṣàyẹ̀wò ìwé owó láti àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé, ọmọ ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ orí fóònù ní Yábàá, onímọ̀ epo láti Port Harcourt. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì dáńgájíá. Nítorí náà, jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò yà yín sọ́tọ̀ láàárín wọn. Ohun tó lè yà yín sọ́tọ̀ ni ohun tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ nípa owó.

Àwọn ará Ìkòròdú ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó ti ṣètò bí owó ṣe ń dé ọwọ́ àwọn tó ń kó ìrẹsì tútù wá sí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà, tí wọ́n ṣí ní January 2023, mọ ohun kan nípa owó ìṣiṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ báńkì Marina kò mọ̀: àgbẹ̀ kì í lè dúró ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó gbowó, ilé-iṣẹ́ kì í sì í lè san lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òdogúnyàn tó ti rí bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń san owó tí wọ́n yá padà, tó sì lè sọ ẹni tí kò ní san àti ìdí rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ òǹdíwọ̀n ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ oyè rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ fi iye sí i.

Obìnrin tó bá ń béèrè fún MBA ní àǹfààní mìíràn. Ẹgbẹ́ Forté ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣiṣẹ́ láti mú obìnrin pọ̀ nínú MBA, kò sì fi orílẹ̀-èdè yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣe.

Ohun kan ń bẹ tí a kò lè gbójú fò dá. Ìkéde ààrẹ Amẹ́ríkà ti December 16, 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá fífún ní físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Ìgbàwọlé ọ̀tọ̀, físà ọ̀tọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ lè mú yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà kí ẹ má lè wọ bàálù. Kí ẹ tó san owó ìdáàyè-sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ béèrè ohun méjì: ṣé wọ́n lè bá yín sún àyè náà sí ọdún tó ń bọ̀ bí físà kò bá jáde, ṣé owó náà á sì bá a lọ? Ẹ ní kí wọ́n fi kọ̀wé.

MFE: ìṣirò ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀

Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Nínú ètò bíi MFE ti Berkeley, MSCF ti Carnegie Mellon, tàbí ti Baruch ní New York, omi ìwẹwọ́ náà ni ìṣirò. Àwọn ọmọ Ṣáínà àti Íńdíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè, máàkì wọn nínú apá ìṣirò GRE, ìdánwò ìgbàwọlé fún oyè kejì, sì sábà máa ń wà láàárín 166 sí 170, nínú 170. Ẹni tó bá gba 158 láti Ìkòròdú kò ní rí ẹni tó máa ka ìtàn àwùjọ rẹ̀ dé ìparí. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bá wọlé ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò àìdánilójú tó ń yí padà lọ́jọ́ dé ọjọ́ (stochastic calculus), ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá sì múná á ṣubú, owó rẹ̀ á sì ṣègbé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wẹ ọwọ́ tán, ibi tí ẹ ti wá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún yín. Bí ètò kan bá ní ènìyàn 80 nínú kíláàsì, tí 50 nínú wọn wá láti orílẹ̀-èdè méjì péré, ọmọ Nàìjíríà tó gba 168 yóò dá yàtọ̀ sí ẹni kejìlélógójì tó gba 168 láti orílẹ̀-èdè kan náà. Ibẹ̀ nìkan ni. Àárín ẹni méjì tó dọ́gba ló ti ń yanjú ọ̀rọ̀. Kò kún àlàfo fún ẹni tí kò tíì débẹ̀.

Kí ni ẹ̀rí ìṣirò? Wọ́n fẹ́ rí calculus títí dé onírúurú oníyípadà, linear algebra, ìṣirò àìdánilójú (probability), statistics, àti Python tàbí C++. Ẹni tó ka Accounting sábà máa ní méjì péré nínú rẹ̀ lórí transcript. Ẹ kún èyí tó kù pẹ̀lú kóòsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìdánwò àti máàkì, èyí tí kò kàn fún gbogbo ẹni tó wò ó ní ìwé ẹ̀rí. CFA ìpele kìíní (ìdánwò àwọn amòye ìdókòwò) dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò linear algebra; ó ń fi hàn pé ẹ mọ fìnáǹsì, kò fi hàn pé ẹ mọ ìṣirò. ICAN, ìwé ẹ̀rí àwọn oníṣirò owó ilẹ̀ wa, náà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ìdọ́gba ti 2010 kò gba ilé-ẹ̀kọ́ láyè láti mú ẹni tí kò tó nítorí ẹ̀yà rẹ̀, kò sì gbà wọ́n láyè láti lé e. Irú kíláàsì tí ẹ fi jáde ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè 2:1 (Second Class Upper), èyí tí í ṣe CGPA 3.50 sí 4.49 lórí 5.00 ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Àwọn tó le jù ń wá ohun tó súnmọ́ First Class, ìyẹn 4.50 sókè. Ẹni tó ní 3.42 máa bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pàdé tó ń gba 2:2 (Second Class Lower), pàápàá bó bá ní ọdún iṣẹ́, ṣùgbọ́n àròkọ tó dùn bí oyin kò ní sọ 3.42 di 3.50. Oxford ń béèrè ìdánwò GMAT tàbí GRE fún MSc Financial Economics. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò béèrè. WAEC Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú C6 sókè tó ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ má sáré san owó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS kí ẹ tó wò ó.

Jámánì tún yanjú ju ìyẹn lọ: ìṣirò máàkì ni, kò sí ìtàn. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yí máàkì yín padà: ẹ yọ CGPA yín kúrò nínú máàkì tó ga jù, ẹ pín in pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù tí ènìyàn lè fi yege, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi 1 kún un. Ẹni tó ní 4.20 lórí 5.00, bí ìyege bá bẹ̀rẹ̀ láti 1.0, á ní 1.6, èyí tó dára gan-an lọ́dọ̀ wọn, nítorí 1.0 ló ga jù. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan ní púpọ̀ nínú yunifásítì ìjọba wọn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti €11,904 mọ́ inú àkáǹtì kan fún owó oúnjẹ ọdún kan kí físà tó jáde.

PhD nínú fìnáǹsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń mú lọ́dún, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ló ń yàn, ìwádìí àti ìṣirò ni wọ́n sì ń wò.

Àròkọ méjì láti Ìkòròdú

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí níbi tí ibi tí ẹ ti wá bá ti lágbára, inú àròkọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àròkọ àkọ́kọ́ nìyí, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ ọ́: "Ìkòròdú ni mo dàgbà sí. Kò síná, ọ̀nà kò dára, àwọn òbí mi kò lówó, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi lókun." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á ti ka irú rẹ̀ láti Kánò, Akrá, Dhaka àti Lima. Ó sọ ìyà tó jẹ ẹni náà, kò sọ ohun tí ẹni náà mọ̀.

Ẹ wá wo èkejì. Alájọ kan ń yí Ọjà Sábó ká láràárọ̀. Alátẹ ata ń dá ₦2,000 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 31 ó ti dá ₦62,000. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, ₦2,000, á kó ₦60,000 fún un. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní 3.2% péré ni alájọ gbà. Ṣùgbọ́n ₦62,000 kò wà lọ́wọ́ alájọ láti ọjọ́ kìíní, díẹ̀díẹ̀ ló ń gorí ara wọn. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́, iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpíndọ́gba jẹ́ ₦32,000. ₦2,000 lórí ₦32,000 jẹ́ 6.25% lóṣù, ìyẹn 75% lọ́dún láìka èlé lórí èlé. Kí ló wá dé tí obìnrin tó mọ ìṣirò ọjà bí ẹni mowó ń san 75% lọ́dún kí ẹlòmíràn lè bá a pa owó mọ́, nígbà tí báńkì wà lódìkejì títì? Nítorí pé alájọ ń wá bá a nídìí àtẹ, kò ní pa ọjà tì. Nítorí pé owó tó wà lọ́dọ̀ alájọ kò sí nílé nígbà tí ẹbí bá wá tọrọ. Nítorí pé bí ọjà bá dá, alájọ tó mọ̀ ọ́n lè yá a lówó lọ́jọ́ kẹwàá láìbéèrè ìwé ilẹ̀.

Ẹni tó bá kọ èyí, tó wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń díye lé ìrọ̀rùn àti ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ètò ìfowópamọ́, ti fi Ìkòròdú hàn, ó ti fi ìṣirò hàn, ó sì ti fi ìdí tó fi fẹ́ kàwé hàn, láìmẹ́nu kan ìyà. Ìyẹn ni diversity tó wúlò fún kíláàsì. Ó wúlò fún MFE náà, bí ẹ bá gé e kù sí ìpínrọ̀ kan.

Owó: ibi tí orílẹ̀-èdè yín ti ń ṣe gudugudu méje

Ọ̀pọ̀ ń wá àǹfààní ọmọ Áfíríkà lẹ́nu ọ̀nà ìgbàwọlé, wọn kò wá a nínú sikọ́láṣípù, níbi tó pọ̀ sí gan-an. Chevening ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹ nílò wákàtí iṣẹ́ 2,800, bí ọdún méjì. Kóòsì mẹ́ta lẹ máa yàn. Ẹ gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Wákàtí ọdún àgùnbánirọ̀ wà lára ohun tí ẹ lè kà. Sikọ́láṣípù Commonwealth náà ṣí sílẹ̀ fún wa. Mastercard Foundation Scholars Program ń bá àwọn yunifásítì kan ṣe fún ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ wo àkójọ kóòsì wọn dáadáa, nítorí fìnáǹsì kì í sí nínú gbogbo rẹ̀.

Ní ìdàkejì, àwọn kan wà tí orúkọ wọn máa ń tan ènìyàn. The Consortium, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966 láti ran àwọn tí kò pọ̀ nínú ìṣòwò lọ́wọ́ láti ka MBA, wà fún ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú wọn. Ẹni tó ń gbé Àgírìkì tí kò ní ìwé yẹn, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àròkọ wọn. Harvard Business School ní tirẹ̀ kì í wo ẹ̀yà tàbí máàkì fún owó ìrànwọ́. Àìní ni wọ́n ń wò, ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí ló sì lè béèrè.

Ohun tó ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́

Ẹ má yí CGPA yín padà sí 4.0 fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ń mú 4.20, wọ́n á pín in sí 5, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n á kọ 3.36. Ẹ ti fọwọ́ ara yín sọ ara yín di ẹni tí kò tó. Ẹ kọ 4.20 lórí 5.00, ẹ sì sọ ipò yín nínú kíláàsì bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá lè jẹ́rìí sí i: "ìkẹta nínú 140" ń sọ̀rọ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó ka kóòsì ọdún mẹ́rin ní UNILAG tó fi ọdún márùn-ún àbọ̀ parí, òǹkàwé òkè òkun á rò pé ó fìdí rẹmi. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní February 14, ó parí ní October 14, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì sí àyè àlàyé, gbólóhùn méjì péré, ẹ fi ìkẹta sọ ohun tí ẹ ṣe lásìkò náà.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa á kọ pé ọmọ náà jẹ́ olóòótọ́, oníwà tútù, olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Wọ́n ń yìn yín ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò wọn kìlógíráàmù kan. Ẹ fún olùjẹ́rìí yín ní ojú ìwé kan: ohun mẹ́ta tí ẹ ṣe lójú rẹ̀, ọdún, iye, àbájáde. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà tó wá láti Gmail. Ẹ lọ bá a ní oṣù méjì ṣáájú, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

GMAT tuntun ń lọ láti 205 sí 805. Ti àtijọ́ tó parí sí 800 ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti òpin January 2024. Ẹni tó bá gbọ́ pé "700 ni wọ́n ń wá" kó mọ̀ pé 645 tuntun súnmọ́ 700 àtijọ́. Apá mẹ́ta ni, ìṣẹ́jú 45 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí kalikuléítọ̀ nínú apá ìṣirò. Bí ìdánwò bá jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ nínú ìgboro Èkó, ẹ sùn sí ìtòsí ibẹ̀. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Máílì 12 kì í bá ènìyàn dá àdéhùn. Ẹ ṣọ́ra fún wákàtí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà: aago mẹ́wàá àárọ̀ New York jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán ní Ìkòròdú láti March sí ìbẹ̀rẹ̀ November, ó di aago mẹ́rin nígbà òtútù wọn.

Ta ló yẹ kó lọ síbo?

Bí ẹ bá ní ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà níbi iṣẹ́, CGPA yín wà ní àárín méjì, ṣùgbọ́n ẹ ní ohun tí ẹ mọ̀ nípa owó tí ẹlòmíràn kò mọ̀, MBA ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù kún un bí ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà kò bá tíì yanjú.

Bí ẹ bá ka Mathematics, Physics, Engineering tàbí Computer Science, tí ẹ sì lè gba 167 sókè, ẹ lọ sí MFE, ẹ má bẹ̀rù pé kò sí ọmọ Ìkòròdú níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló máa ràn yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ 160 lẹ gbà, ẹ tún un kọ. Ẹ má ran 160 lọ pẹ̀lú àròkọ gígùn.

Bí ẹ bá ní 2:1 tó dúró ṣinṣin, tí iṣẹ́ yín kò tíì tó ọdún méjì, MSc ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì ló bá yín mu jù. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìtàn ibi tí ẹ ti wá. Ẹ fi orúkọ kóòsì méjì nínú ètò náà hàn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ó tó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ẹ máa fi hàn gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdín kọ́bọ̀ kan. Owó àjọ tó bá wọlé lónìí, ẹ jẹ́ kó dàgbà níbẹ̀.

Ẹni tó ní HND láti Lagos State Polytechnic ní Òdogúnyàn, kí ibẹ̀ tó di yunifásítì LASUSTECH ní 2022, ní iṣẹ́ kan láti ṣe ṣáájú gbogbo èyí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń gba HND pẹ̀lú PGD (postgraduate diploma) tàbí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ICAN, àwọn mìíràn kì í gbà á rárá. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ títí tí ẹ ó fi gba ìdáhùn. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé wọn: orúkọ oyè yín, ọdún tí ẹ gbà á, irú máàkì rẹ̀, PGD bí ó bá wà, orúkọ kóòsì tí ẹ fẹ́ àti oṣù tó máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá béèrè bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD, ẹ tọ́jú ímeèlì náà, kí ẹ sì so ó mọ́ fọ́ọ̀mù yín lọ́dún tó ń bọ̀.